Ìmọ̀ràn: Báwo ni mo ṣe lè mọ ṣọ́ọ̀bù tó ṣeé fọkàn tán kí n tó ra hamster?

Bàbá Ìfẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ ra hamster, ìyẹn ẹranko kékeré kan tó jọ eku tí wọ́n ń sìn nílé, fún ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọmọdé kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo mọ̀. Ọ̀kan tóbi, iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, oríṣiríṣi ẹran ọ̀sìn ló sì wà níbẹ̀. Èkejì kéré, ẹni tó ni ín kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ti sọ fún mi pé òun kò ní hamster tí òun lè tà báyìí, pé kí n ṣì ní sùúrù. Àwọn ti ṣọ́ọ̀bù ńlá ní kí n mú méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè máa bára wọn ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa wò, kí sì ni kí n bi wọ́n, kí n lè mọ èyí tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Ìyá Ìbejì

Bàbá Ìfẹ́, ẹ kú ìmúra. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì tí wọ́n ní kí ẹ mú yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti lè mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ hamster ti Síríà ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ìyẹn irú èyí tó tóbi jù lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń rí bíi wúrà, a jẹ́ pé ẹni tó ní kí ẹ kó méjì sínú kéèjì kan kò mọ ohun tó ń tà, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n tí kò sì kà á sí. Ẹranko tó máa ń dá gbé ni. Bó bá ti ń dàgbà ni yóò ti máa bá èkejì rẹ̀ jà, ìbáà jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí wọn, ìjà náà sì lè di ti ikú. Àwọn tó kéré bíi Roborovski àti Campbell lè fara da ara wọn nígbà mìíràn, síbẹ̀ ẹni tó mọṣẹ́ kò ní ta méjì nínú wọn fún yín láì kọ́kọ́ béèrè bóyá kéèjì kejì wà nílé tí ẹ lè yà wọ́n sí bí ìjà bá dé.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́. Hamster máa ń sùn ní ọ̀sán, tí ẹ bá sì lọ nígbà náà, gbogbo ohun tí ẹ ó rí kò ju irun tó ká jọ sí kọ̀rọ̀ kan lọ, ẹ ò sì ní mọ bóyá oorun ló ń sùn ni tàbí ara rẹ̀ kò yá. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò ti jí, ẹ ó rí bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń kó hóró sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró níwájú kéèjì fúngbà díẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dá iye owó. Ẹ wo igo omi nígbà tí ẹranko bá ń lá ẹnu igo náà: ó yẹ kí ìhó kékeré máa gòkè nínú igo. Bí ó bá ń lá a lálátúnlá tí ìhó kankan kò gòkè, ẹnu igo ti dí, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹranko náà lójú àwọn tó yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ya akọ kúrò lára abo. Abo lè lóyún láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n bí i, oyún hamster ti Síríà kò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 16 lọ. Ẹni tó bá ra abo láti inú kéèjì tí wọ́n da akọ àti abo pọ̀ sí lè rí ìdílé odindi nínú kéèjì rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyàtọ̀ náà hàn yín. Àlàfo tó wà láàárín ihò méjèèjì tó wà lábẹ́ ìrù máa ń gùn lára akọ ju ti abo lọ, ẹni tó bá sì ń ta hamster tí kò lè tọ́ka sí i kò yẹ kó sọ fún yín pé abo lòun ń tà.

Àdìsá Olùsìn

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn. Ẹni tó ní òun kò ní ẹranko tí òun lè tà ti sọ ohun pàtàkì kan fún yín, ẹ kàn nílò láti padà lọ béèrè ìdí rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò tíì kúrò lẹ́nu ọmú, tàbí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn dé tó sì fẹ́ fi wọ́n sí ọ̀tọ̀ fúngbà díẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá àìsàn kan wà lára wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi yóò ti rà.

Dókítà Ẹranko

Iṣẹ́ ìṣègùn ẹranko ni mò ń ṣe, ọ̀pọ̀ hamster tí wọ́n sì ń gbé wá sọ́dọ̀ wa ló jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù ni àìsàn wọn ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, Bàbá Ìfẹ́, ẹ fi ara balẹ̀ wo ara ẹranko náà kí ẹ tó san owó.

Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀, kí ó là dáadáa, kí omi tàbí ọyún má sì ṣe jáde níbẹ̀. Imú gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ tẹ́tí sí bó ṣe ń mí; bí èémí rẹ̀ bá ń dún tàbí ìhà rẹ̀ bá ń sáré wọlé sáré jáde, ẹ fi sílẹ̀. Irun ara gbọ́dọ̀ kún, láìsí ibi tó pá tàbí ibi tó ń sé èépá. Ìdí gbọ́dọ̀ gbẹ, kó sì mọ́. Àwọn nǹkan méjì kan wà tó máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò tíì sin hamster rí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn: eyín iwájú rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ìyeyè tàbí ti ọsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni hamster ti Síríà máa ń ní àmì dúdú kékeré kan ní ìbàdí ọ̀tún àti ti òsì, èyí tó jẹ́ orísun òórùn tó fi ń sàmì sí ilẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n fi àmì yìí dán olùtajà wò. Ẹ bi í pé, “Kí ni èyí?” Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹranko náà lójoojúmọ́ yóò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àrùn tí mo bẹ̀rù jù ni ìgbẹ́ gbuuru tí àwọn olùsìn ń pè ní wet tail. Àwọn ọmọ tó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ ló sábà máa ń mú, pàápàá jù lọ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú, tí wọ́n gbé rìn ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n sì kó há sí ojú kan. Ó lè pa ẹranko láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan ṣoṣo tí ìdí rẹ̀ tutù nínú kéèjì, ẹ má ra èyíkéyìí lára àwọn tó bá a gbé níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n dùn ún wò tó.

Ẹ tún ní kí òṣìṣẹ́ gbé e jáde, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹranko gbọ́ òórùn ọwọ́ òun, yóò wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bù ú bí ẹni ń bu omi, yóò sì mú ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ orí tábìlì, nítorí hamster kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa, ó sì lè rìn já bọ́ láti ibi gíga. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ kéèjì láti òkè, tó sì ṣàdédé gbá ẹranko tó ń sùn mú, òun ló ń kọ́ ẹranko náà láti máa gé èèyàn jẹ.

Ọmọ́wùnmí

Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà, èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mo rò pé kí Bàbá Ìfẹ́ wá ẹni tó ń sin hamster nílé tàbí ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn ẹranko tí olówó wọn ti kọ̀ sílẹ̀, kó sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pátápátá. Ìdí mi ni pé ẹni tó ń sìn wọ́n dáadáa máa ń mọ ìyá àti bàbá ọmọ kọ̀ọ̀kan. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo hamster ti Síríà tó wà lọ́wọ́ èèyàn lónìí ló ṣẹ̀ wá láti ara ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wú jáde láti inú ilẹ̀ nítòsí ìlú Aleppo ní orílẹ̀-èdè Síríà ní 1930. Ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan báyìí kò fẹ́ kí a tún máa fi àbúrò àti ẹ̀gbọ́n gun ara wọn láìmọ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò sì ní àkọsílẹ̀ kankan nípa òbí ohun tí wọ́n ń tà.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ́wùnmí, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ, mi ò sì ní takò ọ́ lórí àwọn ẹranko tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá lè gba ọ̀kan nínú wọn ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní òun ń sin hamster nílé ló ń sìn ín bó ṣe yẹ. Ìbéèrè kan náà ni kí a bi gbogbo wọn: ọjọ́ wo ni wọ́n bí i, ta ni ìyá rẹ̀, ṣé a lè rí ibi tó ń gbé? Ẹni tó bá ní ká pàdé òun lójú ọ̀nà kí òun fi páálí gbé ẹranko fún wa kò sàn ju ṣọ́ọ̀bù lọ.

Bàbá Ìfẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ní ti ńlá, hamster ti Síríà bíi mélòó kan wà nínú kéèjì kan náà, àpá sì wà létí ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí mo béèrè ọjọ́ orí wọn, òṣìṣẹ́ ní wọ́n “ti tó tà.” Ó fi kún un pé bí èyí tí mo bá rà bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọn yóò fún mi ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti kékeré, ọkùnrin náà mú mi lọ wo àwọn ọmọ tó ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá wọn, ó sọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ó sì bi mí bí kéèjì mi ṣe fẹ̀ tó àti bí kẹ̀kẹ́ ìsáré inú rẹ̀ ṣe tóbi tó. Mi ò mọ èyí tí mo lè fi dá a lóhùn. Ṣé ìlérí ìpààrọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn kò já mọ́ nǹkan kan ni?

Àdìsá Olùsìn

Bàbá Ìfẹ́, ìlérí yẹn dára fún aago tàbí bàtà. Bí ẹranko bá kú, ohun tó yẹ kí olùtajà tó dáa kọ́kọ́ ṣe ni kó béèrè ohun tó pa á, nítorí àwọn yòókù tí wọ́n jọ wà nínú kéèjì ṣì ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fún yín ní òmíràn láti inú kéèjì kan náà láìbéèrè ohunkóhun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun mọ̀ pé wọ́n á máa kú. Ìlérí tí èmi máa ń wá ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé mo lè gbé ẹranko náà lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárín ọjọ́ mélòó kan, àti pé bí dókítà bá rí àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ni yóò san owó ìtọ́jú tàbí dá owó mi padà. Àpá etí yẹn sì ti dáhùn ọ̀rọ̀ mú méjì, mú méjì.

Ní ti ìbéèrè tó bi yín: kí ilẹ̀ kéèjì má dín ní 100 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn àti 50 ní fífẹ̀, kí ohun tí ẹ tẹ́ sínú rẹ̀ jìn tó 20 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán kí ó lè gbẹ́ ihò, kí ó má sì jẹ́ èérún igi tó ń ta sánsán. Kí kẹ̀kẹ́ ìsáré fún ti Síríà tó nǹkan bí 28 sẹ̀ǹtímítà láti etí kan dé èkejì. Bó bá kéré jù, ẹ̀yìn ẹranko yóò tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń sáré. Àwọn kéèjì kéékèèké aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kì í sábà tó ìdajì ìwọ̀n yìí. Olùtajà tó bá sọ òótọ́ yìí fún yín, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ọjà, ẹ di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú.

Dókítà Ẹranko

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un lórí bíbéèrè ibi tí ẹranko ti wá. Hamster lè kó fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní LCMV láti ara eku ilé, kó sì kó o ran èèyàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ṣe ní nǹkan kan tó le, ṣùgbọ́n ó léwu gidigidi fún aláboyún, fún ọmọ inú rẹ̀ àti fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè bá àrùn jà. Ní 2005 ní Amẹ́ríkà, mẹ́ta kú nínú èèyàn mẹ́rin tí wọ́n fún ní ẹ̀yà ara ẹnì kan, nítorí hamster tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá sílé ẹni náà ló gbé fáírọ́ọ̀sì yìí wá, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ẹranko fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bi ọkùnrin yẹn bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń sìn wọ́n, àti bóyá eku ilé lè dé ibi tí wọ́n wà. Bí aláboyún bá wà nílé yín, ẹ dá ọjà náà dúró títí yóò fi bímọ.

Bàbá Ìfẹ́

Kò sí aláboyún nílé wa, Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pinnu láti dúró de àwọn ọmọ ti ṣọ́ọ̀bù kékeré, kéèjì tó fẹ̀ sì ni n ó kọ́kọ́ rà. Kí ni kí n ṣe ní ọjọ́ tí mo bá lọ gbé e?

Dókítà Ẹranko

Ẹ tọrọ díẹ̀ lára ohun tó ń gbé lórí rẹ̀ báyìí àti díẹ̀ nínú oúnjẹ tó ń jẹ, kí òórùn àti ìtọ́wò tó ti mọ̀ lè bá a délé. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nílé, ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí ó má ṣe fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, kí ó kàn máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti ìta kéèjì, kí gbogbo yín sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tún ibẹ̀ ṣe. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ṣàn tàbí ó kọ oúnjẹ, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa ẹranko kéékèèké, kí ẹ sì pe ọkùnrin náà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó lè tètè wo àwọn tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀.