Àlejò nílé bàbá mi: ẹ wá sọ ohun tí ẹ̀yin náà rí

Ọmọ Kétu ní Kútọnu:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ fi ara mi ṣẹ̀sín díẹ̀ kí ẹlòmíì tó bá mi ṣe é.

Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni sàréè ìyá bàbá mi wà. Lọ́dọọdún tí a bá ń lọ kí wọn nílé, ojú fèrèsé ọkọ̀ la ti máa ń nàka sí Akaba Ìdènà pé "ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọdé, ẹnu odi ìlú wa nìyẹn", a ó sì kọjá lọ síbi tí iyán wà. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi kọjá níbẹ̀, mi ò fẹsẹ̀ tẹ inú rẹ̀ rí. Àlejò ló wá mú mi wọlé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ àbúrò bàbá mi kan wá kí mi láti Ìmẹ̀kọ. Bí ẹ bá wo máàpù, Nàìjíríà ló ti wá. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà, ilé kan náà ni: Alákétu ni gbogbo wọn ń forí balẹ̀ fún kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó jókòó lọ́dún 1889, tí wọ́n fa ìlà gba àárín oko wọn kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú mi dé ẹnu odi tí wọ́n ń wí." Ojú tì mí láti sọ pé àtòun àtèmi, ọgba ni wá.

A wọ táksí ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo tí ẹ ń rí lórí máàpù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. A gba Sákété, a gba Pobẹ̀. Ẹni mẹ́rin há sí ẹ̀yìn ọkọ̀, apá kan ṣoṣo ni mo rí lò títí a fi dé. Eruku sì ti sọ irun wa di ti arúgbó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló mú wa wọlé. Faransé ló kọ́kọ́ ń kà bí ọmọ iléèwé tó há àkọ́sórí: ọba báyìí, ọ̀rúndún báyìí, ẹ yà fọ́tò níbí. Àbúrò mi ò gbọ́ Faransé. Ó ní, "Ìwọ, ṣé o ò gbédè ni?" Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ju Faransé nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu Kétu sọ ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mìíràn ni.

Ó ní kí n dúró sáàárín ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ àti èkejì. Ó ní, "Ẹ wo apá òsì, ẹ wo apá ọ̀tún. Ibo lẹ fẹ́ gbà?" Mi ò ríbì kankan. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe rò ó: ọ̀tá tó bá já ilẹ̀kùn ìta, inú ibẹ̀ ló máa há sí bí eku tó wọ ìgò, àwọn onílé á wà lókè. Lẹ́yìn náà ló mú wa dé ibi yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká. Koríko ti bò ó, ewúrẹ́ méjì ń jẹ nínú rẹ̀. Ọba Sà ni wọ́n ní ó mọ odi náà. Àbúrò mi fọwọ́ lé ara ògiri, kò sọ̀rọ̀. Agbọ́n ti kọ́lé sínú àwọn ihò amọ̀ náà, ihò kéékèèké bí ojú àkèré.

Ó wá dé orí ogun Dàhòmì. Wọ́n dó ti ìlú náà títí ebi fi wọlé tọ àwọn ará ilé, wọ́n sì run ún ní 1886. Wọ́n kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ Àgbómẹ̀, ilé di igbó. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù tó lè padà wálé. Mo ti máa ń gbọ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n pọn ìyá ìyá bàbá mi sí nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Mi ò ronú rí pé ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà pọ̀n ọ́n wọlé.

Ibi tó ti bá mi gan-an nìyí. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní: "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ìlú, kí ni Kétu túmọ̀ sí?" Mo wo bàtà mi. Ó ní abuké kan ni wọ́n fi ṣètùtù nígbà tí wọ́n ń tẹ ìlú dó, wọ́n sì ní: ta ní í tú iké? Ta ní í tú ìlú? Mo ní, "Ṣùgbọ́n Dàhòmì tú u." Àbúrò mi dá a lóhùn kí ọmọ náà tó lanu: "Ó tú, wọ́n tún un dì."

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti rí ní Kétu, ní Àjàṣẹ́, ní Ṣábẹ, tó jẹ́ pé àlejò ló là yín lójú sí i? Ẹ má kó fọ́tò wá o. Ìtàn ni mo ń tọrọ.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun, àbúrò. Ẹ ti tú mi láṣìírí, torí temi burú ju tiyín lọ.

Ọdún kọkànlá nìyí tí mo ti ń ta aṣọ nítòsí Mọ́ṣáláṣí Ńlá. Ẹ mọ̀ ọ́n: aláwọ̀ mèremère yẹn, tó ní ilé gogoro méjì níwájú. Àwọn òyìnbó máa ń dúró síwájú àtẹ mi, wọ́n á ní, "Màmá, ṣọ́ọ̀ṣì yìí mà rẹwà o." Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ta ìborùn fún wọn. Mi ò bi ara mi rí pé kí ló dé tó fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó di ọjọ́ kan tí obìnrin kan wá láti Bahia ní Bràsíì. Ó dú bí èmi, ó sán ìdí bí àbúrò ìyá mi, ohùn rẹ̀ nìkan ló fi jẹ́ àlejò. Ọmọ mi kan tó gbọ́ Faransé ló ń ṣe ògbufọ̀. Ó yọ fóònù, ó fi ṣọ́ọ̀ṣì kan hàn mí ní Salvador. Mo wo fóònù, mo wo mọ́ṣáláṣí. Ìbejì ni wọ́n, ká ní wọ́n tún gba orúkọ Táyé àti Kẹ́hìndé!

Ó wá yé mi. Àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ tó padà wá, Mùsùlùmí wà nínú wọn. Ẹ máa gbọ́ orúkọ bíi Paraïso, ẹ ó rò pé ìsìn Máàsì lonítọ̀hún ń lọ, kí ẹ tó bá a nírun Jímọ̀. Láti 1912 títí di 1935 ni wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí yẹn. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ lókè òkun náà ni wọ́n fi kọ́ ilé Ọlọ́run nílé. Kí ni wọn ì bá tún fi kọ́ ọ?

Ṣùgbọ́n mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ. Obìnrin náà ní ilé òrìṣà tí òun ń lọ lọ́dọ̀ wọn, "Kétu" ni wọ́n ń pe ìran tí wọ́n ń tẹ̀lé. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Kétu. Ṣé ẹ fẹ́ débẹ̀? Táksí ń lọ láàárọ̀." Ó ní kí ọmọ mi tún un sọ. Ọmọ mi tún un sọ. Ó jókòó lórí àpótí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Gbogbo ìgbà tó ti ń kọrin Kétu, kò mọ̀ pé ìlú tó ṣì wà ni, tí wọ́n ti ń ta gàrí, tí ènìyàn ti ń san owó ọkọ̀ lọ. Mo bu omi fún un. Mi ò ta nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà, mo padé.

Mo bá a lọ sí adúgbò tí wọ́n ń kọ ní Accron, níbi tí àwọn ọdẹ Yorùbá ti kọ́kọ́ dó kí Àjàṣẹ́ tó di Àjàṣẹ́. Afinimọ̀nà ń fi Faransé sọ fún un pé "Abori-Messan" ni orúkọ ẹbọra ibẹ̀, ó sì fẹ́ kọjá. Mo ní, ẹ dúró ńbẹ̀. A-bo-rí mẹ́sàn-án, ẹ ò gbọ́ ọ? Olórí mẹ́sàn-án ni! Inú òkìtì ògán ni wọ́n ní ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án náà ti yọ sí àwọn ọdẹ mẹ́ta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́ níbẹ̀. Ọmọ mi tó kéré jù lè túmọ̀ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n owó tí afinimọ̀nà gbà lọ́wọ́ wa, ìlọ́po méjì ni. Ó ní torí pé mo wà níbẹ̀.

Tísà tó ti fẹ̀yìn tì:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ògbufọ̀. Ẹ kàn má jẹ́ ká jà lórí "Àjàṣẹ́". Àwọn kan ní ìjà tí a jà ṣẹ́gun ló wà nínú rẹ̀, àwọn kan ní orúkọ ẹ̀yà Aja ló wà níbẹ̀. Àwọn Gun tó bá wa gbé ń pè é ní Hogbonu, ẹnu ọ̀nà ilé ńlá, láti ìgbà ọba wọn Tè-Agbanlin. Potogí dé, ó ní Porto-Novo. Ọ̀rọ̀ ìlú yìí ti tó ta lọ́jà.

Ọmọ Pobẹ̀:

Èmi ò lọ wo ògiri, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo lọ wò lọ́dọ̀ àwọn ará ìyá mi ní Kétu. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fídíò tẹ̀lé mi, ó gbé iná ńlá kan dání tó mọ́lẹ̀ bí iná ọkọ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àìsùn. Arábì Ajígbálẹ̀ kọ́kọ́ jáde gbálẹ̀. Agbéná gbé iná kọjá. Nígbà tó yá ni Apaná dé, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kó pa gbogbo iná. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bàbá kan rọra fọwọ́ kan èjìká ọ̀rẹ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, a ní kí iná ó kú." Ó pa á. Fóònù tó lé ní ogójì ló ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri ọjà bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ àtùpà. Mi ò tíì rí òkùnkùn bẹ́ẹ̀ rí láàárín ìlú. Ọmọdé ò sunkún. Ohùn ló kọ́kọ́ jáde kí a tó rí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, olórin òru náà, kí àwọn ìyá wa títí, ó júbà wọn kó tó bú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló yọ́ ọ̀rọ̀ sí ẹnì kan tó ń fi kẹrosíìnì lú epo bẹntiróò inú ìgò. Kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n gbogbo orí yí sí ibì kan náà, ọkùnrin kan sì dìde bí ẹni tó ń lọ tọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni ijó wá. Méjì méjì ni wọ́n ń jáde, ọkùnrin ni gbogbo wọn, tó fi dórí àwọn tó di ọmú igi máyà. Orí ni wọ́n ń gbé ère náà lé, inú aṣọ ni wọ́n ti ń ríran. Ẹ gbójú kúrò lára ère, ẹ wo ẹsẹ̀. Ìlù á sọ gbólóhùn kan, irin ọrùn-ẹsẹ̀ á sọ ọ́ padà, wọ́n á sì parí pọ̀ lójú kan. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan pẹ́, àwọn ìyá tó jókòó á pòṣé, gbogbo ọjà á gbọ́. UNESCO ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé ogún aráyé ní 2008. Mo sọ fún ìyá mi. Ó ní ta ni wọ́n kọ́kọ́ bi?

Ọmọ Oníṣábẹ:

Temi ò gùn. Mo mú àwọn ọmọ mi gun òkè Ṣábẹ. Bàtà mi já lágbedeméjì àpáta, ìkúnlẹ̀ ni mo fi sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní àwọn bàbá òun kò wọ bàtà nígbà tí wọ́n ń sá fún Dàhòmì gorí ibẹ̀, wọ́n tún ru àgbàdo.

Ọmọbìnrin etí ọ̀sà:

Ẹ má gbàgbé omi. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àjàṣẹ́ lọ sí Aguégués, níbi tí ilé ti dúró lórí òpó. Kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọwọ́ àti ẹ̀rín ni mo fi ná ẹja. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ wa ọkọ̀ kọjá mi, ó gbé báàgì ìwé sí ẹsẹ̀. Èmi tí mo ti dàgbà, mo di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Bí odò Wẹmẹ bá kún ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ sún ìrìn àjò yín síwájú.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́:

Ẹ gbọ́, obìnrin Bahia yẹn ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná. Oṣù Kìíní ló ń padà bọ̀, Kétu ló ń lọ tààrà. Ta ló mọ awakọ̀ tí kì í sáré?

Ọmọ Kétu ní Kútọnu:

Mo mọ ọ̀kan, ó máa ń dúró ra àkàrà ní Pobẹ̀, ẹ fara dà á. Ẹ sanwó ẹni méjì fún obìnrin náà kó lè rí apá méjèèjì lò. Bí ó bá sì ṣe kòńgẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kó ti pa iná fóònù rẹ̀ kí bàbá yẹn tó fọwọ́ kàn án léjìká.