Ẹjọ́ ìdánrawò lórí òfin òkun: ẹ ka ìwé ẹrù kí ẹ tó lanu

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin àbúrò tó ń múra ẹjọ́ ìdánrawò lórí òfin òkun ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ kú ìmúra o. Àwọn àgbà ní ẹjọ́ là ń kọ́, a kì í kọ́ ìjà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ́ ni bí wọ́n á ṣe pe «Monsieur le Président» tí ohùn á fi ró. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ inú ìwé ẹrù, connaissement tí ọlọ́kọ̀ ń fún ẹlẹ́rù pé òun ti gba ẹrù rẹ̀, ni ẹjọ́ náà wà.

Bí wọ́n bá ti gbé fáìlì fún yín, ẹ má tíì ṣí òfin kankan. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ to ọjọ́ sí i: ọjọ́ tí ẹrù wọkọ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣí, ọjọ́ tó gúnlẹ̀ ní Kútọnu, ọjọ́ tí ẹlẹ́rù gba ẹrù, ọjọ́ tó kọ̀wé pé ó bàjẹ́, ọjọ́ tó pẹjọ́. Lábẹ́ òfin Hague-Visby, òfin àgbáyé kan lórí kíkó ẹrù gba orí òkun, ọdún kan ni ẹlẹ́rù ní láti pẹjọ́, láti ọjọ́ tó gba ẹrù ni wọ́n sì ti ń kà á. Òfin Hamburg ti 1978, òmíràn lórí ọ̀rọ̀ kan náà, fún un ní ọdún méjì. Ẹ rí i pé ẹ ò lè mọ̀ bóyá ẹjọ́ ti kú tàbí ó ṣì ń mí, àfi tí ẹ bá mọ òfin tó de ẹrù náà. Ẹ yí connaissement sí ẹ̀yìn. Clause Paramount, ìlà tó ń sọ òfin tó de ẹrù, wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ á kéré bí èèrà.

Ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣubú: wọ́n á fa Acte uniforme ti 2003 lórí ìkẹ́rù yọ, èyí tí OHADA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ní òfin òwò kan náà, ṣe. Ti ojú títì nìyẹn! Òkun kò sí nínú rẹ̀. Code maritime ti Benin, loi 2010-11 tó jáde ní oṣù kẹta 2011, ni kí ẹ ṣí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Hague-Visby ní bí ìbàjẹ́ bá fojú hàn, kí ẹlẹ́rù kọ̀wé nígbà tó ń gba ẹrù. Bí kò bá hàn, kí ó kọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń gbèjà ọlọ́kọ̀ á fò sókè pé «kò kọ̀wé, ẹjọ́ ti bàjẹ́». Irọ́ ni. Ohun tí àìkọ̀wé ń ṣe kò ju pé kí adájọ́ gbà, títí ẹlẹ́rù á fi mú ẹ̀rí mìíràn wá, pé ẹrù dé bí connaissement ṣe wí.

Ọmọ Kétu:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìṣirò kún un, nítorí ibẹ̀ ni adájọ́ ti ń mú ọmọ.

Òpin owó tí ọlọ́kọ̀ lè san lábẹ́ Hague-Visby jẹ́ 666.67 DTS lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, tàbí 2 DTS lórí kílò kan, èyí tó bá pọ̀ jù. (DTS ni owó ìṣirò IMF, kì í ṣe owó tí ẹ lè ná ní ọjà Ouando.) Ẹ jẹ́ ká mú kọ̀nténà fóònù kan: páálí 100, páálí kan kílò 20, àpapọ̀ kílò 2,000. Bí connaissement bá kọ «100 cartons», ẹrù 100 ni: 66,667 DTS. Bí ó bá kọ «1 conteneur, téléphones» lásán, kọ̀nténà náà di ẹrù kan ṣoṣo. Ẹ wá fi 666.67 wé 2 × 2,000, tó jẹ́ 4,000 DTS. 4,000 ni ẹlẹ́rù máa rí. Fóònù ò yí padà, ìlà kan lórí bébà ló yí padà.

Kí ẹ má sì gbàgbé pé òpin ni, kì í ṣe iye tí wọ́n máa san. Bí ohun tó bàjẹ́ ò bá tó bẹ́ẹ̀, iye tó bàjẹ́ gan-an ni wọ́n á san.

Ará Ṣábẹ:
Ìṣirò dáa, ṣùgbọ́n ta ló máa fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀? Ẹ kọ ìlà yìí sí iwájú fáìlì. Ẹlẹ́rù á kọ́kọ́ fi hàn pé ẹrù wọkọ̀ ní dídára, connaissement tí kò ní réserve, ìyẹn àkọsílẹ̀ pé ẹrù ní àbùkù, ni ẹ̀rí rẹ̀. Á sì fi hàn pé ó dé ní bíbàjẹ́. Ọlọ́kọ̀ á wá mú àwáwí kan nínú àwọn tí òfin fún un. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, láti a dé q.

Àyànfẹ́ àwọn ọmọ ni «ìjì òkun ni». Adájọ́ á bi wọ́n: ìjì wo? Mélòó lórí Beaufort, òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́? Ojú ìwé wo nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀? Ẹnu á dákẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ rọ́bà ìdérí ihò ẹrù ló ti gbó tí omi fi wọlé, ìbéèrè di pé ṣé ọlọ́kọ̀ ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọkọ̀ tó ṣí àti nígbà tó ń ṣí. Rọ́bà kì í gbó ní ọjọ́ kan. Ẹ béèrè fún ìwé àyẹ̀wò rẹ̀.

Ní ti pípín iṣẹ́, ènìyàn mẹ́rin tó: méjì á sọ̀rọ̀, ọ̀kan á máa wá ìwé, ọ̀kan á di aago mú. Bí wọ́n bá fún yín ní ìṣẹ́jú 15, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 9, ìbéèrè adájọ́ á jẹ ìyókù. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ yí ìhà padà, kí ẹni tó ń gbèjà ẹlẹ́rù gbèjà ọlọ́kọ̀. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Agbẹjọ́rò tí kò mọ ohun tí ọ̀tá máa sọ ò sàn jù ú lọ.

Ará Àjàṣẹ́:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí fáìlì yín bá jẹ́ ti ìjọba tó mú ọkọ̀, kì í ṣe ti ẹrù, ẹ lọ ka ẹjọ́ Saiga. Ọkọ̀ yìí ń ta gasoil fún àwọn ọkọ̀ apẹja lẹ́bàá Guinea, Guinea sì mú un ní oṣù kẹwàá 1997, wọ́n ní fàyàwọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kpayo, epo fàyàwọ́, ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sí yín. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn níwájú ilé-ẹjọ́ òkun àgbáyé ní Hamburg. Ní 4 oṣù kejìlá 1997, ilé-ẹjọ́ náà ní kí Guinea tú u sílẹ̀, kí ìhà ọkọ̀ sì fi 400,000 dọ́là dúró bí ohun ìdógò, pẹ̀lú gasoil tí Guinea ti tú jáde nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á máa jiyàn níbẹ̀ bóyá ọkọ̀ rú òfin. Article 292 nínú àdéhùn àgbáyé lórí òfin òkun, tí wọ́n fi gbé ẹjọ́ náà lọ, kò béèrè ìyẹn. Ohun tó ń béèrè ni pé kí wọ́n tètè tú ọkọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti fi owó tó bójú mu dúró. Bí ìjọba tó mú ọkọ̀ àti ìjọba tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀ ò bá sì fohùn ṣọ̀kan lórí ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ 10 láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọkọ̀, Hamburg ni ẹjọ́ lè lọ. Ẹ ka ọjọ́ 10 yẹn lórí bébà tí ẹ to ọjọ́ sí.