Masáàjì lókè òkun: gíga tábìlì, ìwé àṣẹ, táwẹ́ẹ̀lì olóróró

Àdùnní, London: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi masáàjì jẹun, kí ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí mọ̀? Àátàǹpàkò ti ń dun àwọn ẹgbẹ́ wa kan.

Bùọ̀dá Láyí, Houston: Tábìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ dúró tì í, ẹ jọ̀wọ́ apá sílẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Ibi tí ẹ̀ṣẹ́ yín bá ti kàn án ni gíga tẹ́ ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá tóbi, ẹ tún un sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Tábìlì tó bá ga jù, èjìká á gbéra sókè, ọwọ́ nìkan ni yóò máa tẹ̀, ibẹ̀ ni ìrora ti ń wọlé. Ẹsẹ̀ kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́ láti ìbàdí. Ẹ̀yìn tó gbòòrò, ìgbápá ni kẹ́ ẹ lò. Àátàǹpàkò wà fún kọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ kejì tì í lẹ́yìn.

Àdùnní: Ẹ ṣeun, sà. Ìwé àṣẹ ńkọ́?

Àǹtí Bísí, London: Kò sófin tó fi dandan lé e ní Britain pé kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, CNHC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ bíi tiwa sílẹ̀, wà fún ẹni tó bá fẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ káńsù London ló ń béèrè ìwé àṣẹ "special treatment" fún ibi iṣẹ́. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó ṣọ́ọ̀bù.

Bùọ̀dá Láyí: Texas, wákàtí 500 nílé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà MBLEx, ìdánwò ìwé àṣẹ masáàjì: ìbéèrè 100, ìṣẹ́jú 110. New York ń béèrè wákàtí 1,000, torí náà kí ẹni tó fẹ́ kó lọ síbẹ̀ má fi ti Texas ṣèṣirò.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi oníbàárà léèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń ro ó, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ọkọ̀ òfurufú láti Èkó, ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Bó bá já, ó lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Táwẹ́ẹ̀lì tó ti gba òróró masáàjì náà ń jóná o! Ọṣẹ kì í kó gbogbo òróró kúrò. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ gbígbóná nínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, tẹ́ ẹ ká a jọ gègèrè, òróró tó kù á máa bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, ooru á há sáàárín, iná á sọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láìsí ẹni tó ṣáná. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó ká a. Èyí tó bá ṣì ń rùn òróró lẹ́yìn fífọ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Àdùnní: Háà! Òróró wo ló wá dáa, mà?

Ìyá Ìbejì: Álímọ́ńdì ló wọ́pọ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá irú èso bẹ́ẹ̀ ń bá a jà. Ti kóró gréèpù fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó tètè ń bàjẹ́. Ìgò kékeré ni kẹ́ ẹ máa rà.