Bí ata inú ìgò wa ṣe ń gun òkè dé Addis Ababa

Ní ti kíkó oúnjẹ lọ tà sí òkè òkun, Etiópíà ni ti èmi. Ata inú ìgò, tòmátò inú ọ̀rá àti èròjà ọbẹ̀ gbígbẹ ni ilé iṣẹ́ wa ń kó lọ síbẹ̀. Èmi ni mo máa ń tọpa ẹrù náà láti ọjọ́ tó bá kúrò lọ́wọ́ wa títí oníbàárà yóò fi tọwọ́ bọ̀wé pé òun ti gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, torí bí a ṣe ń di ẹrù ìlú tí kò ní etíkun yàtọ̀.

Etiópíà ní etíkun rí. Nígbà tí Eritrea gba òmìnira ní 1993 ni òkun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ogun sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì ní 1998, ọ̀nà èbúté Assab náà dí. Láti ìgbà yẹn, Jìbútì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù wọn ń gbà wọlé. Ẹrù yín yóò kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ìlú tí kò rà á. Ohun tó jẹ aṣọ́bodè ibẹ̀ lógún ni pé kí ẹrù náà kọjá, kó má tú sí ọjà tiwọn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rí i pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kọ "in transit to Ethiopia" (ó ń kọjá lọ sí Etiópíà) gbangba sórí ìwé ẹrù, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń gbà á ní Addis Ababa, àti èbúté orí ilẹ̀ tó wà ní Modjo gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹrù ń lọ.

Mo rí kọ̀ńténà oníṣòwò kan tí ìwé tirẹ̀ parí sí Jìbútì. Kò sí ohun tó ṣe ọjà inú rẹ̀, àmọ́ owó ìdúró ló jẹ èrè rẹ̀ tán. Kọ̀ńténà kì í ṣe ti ẹni tó ni ẹrù. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ni ín, ó sì gbọ́dọ̀ padà dé èbúté lófìfo kí ọjọ́ tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ tó pé. Tí ẹ bá ń ṣírò ọjọ́, ẹ ka àlọ, ẹ ka àbọ̀.

Láti Jìbútì, ọkọ̀ akẹ́rù lè gba ibodè Galafi, tàbí kí ẹrù wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní 2016, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òwò ní 2018. Bí àyè bá wà, ojú irin ni mo máa ń fẹ́ fún ìgò.

Lórí ìwé iye owó, ẹ má kọ "èròjà" lásán. 2103 ni nọ́ńbà ọbẹ̀ inú ìgò àti èròjà ọbẹ̀ tí a pò pọ̀ ní aṣọ́bodè káàkiri ayé, ata gbígbẹ tí a lọ̀ sì jẹ́ 0904. Owó ibodè wọn lè má dọ́gba.

Òkè gan-an ló kọ́ mi ní ọgbọ́n jù. Etí omi ni Jìbútì wà, ooru ibẹ̀ sì máa ń kọjá 40°C láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ. Addis Ababa ga ju mítà 2,300 lọ, agbára tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fi ń tẹ nǹkan kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti etí òkun lọ. Afẹ́fẹ́ tí a dè mọ́ inú ọ̀rá nísàlẹ̀ yóò wú bó bá ti ń gòkè. Oníbàárà wa pè mí tìbínútìbínú, ó ní gbogbo ọ̀rá ló ti wú, pé ọjà ti bàjẹ́. Mi ò dá a lẹ́bi, torí ibi gbogbo tí wọ́n ti ń ta tòmátò ni wọ́n ti mọ̀ pé èyí tó bá wú kò ṣeé jẹ. Mo ní kó gbé díẹ̀ fún awakọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jìbútì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọ̀rá ti padà sí bó ṣe wà. Èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. A tún fi àyẹ̀wò ránṣẹ́ pé pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tó) kò tó 4.6, ìyẹn ìwọ̀n tí kòkòrò tó ń fa botulism, májèlé inú oúnjẹ tó lè pani, kò ti lè dàgbà.

Látìgbà náà, a máa ń fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá jáde kí a tó lẹ̀ ẹ́, ojú ibi tí a lẹ̀ sì ti fẹ̀ sí i. Èròjà gbígbẹ ló ń fẹ́ ìṣọ́ra jù, torí afẹ́fẹ́ pọ̀ láàárín rẹ̀. Ti ìgò, a máa ń lẹ bébà dídán mọ́ ẹnu rẹ̀ lábẹ́ ìdérí.

Ẹ mọ ẹnu àwọn tí yóò jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Àwọn Kristẹni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í jẹ ẹran, wàrà àti ẹyin lọ́jọ́ Ọjọ́rú àti Ẹtì, àti ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ààwẹ̀ mìíràn láàárín ọdún. Èròjà tó ní ọ̀rá adìẹ tàbí wàrà yóò jókòó sórí àtẹ láwọn ọjọ́ yẹn. A yọ ọ́ kúrò nínú tiwa, a sì kọ "ye tsom" sára rẹ̀ lédè Amharic, ìyẹn oúnjẹ ààwẹ̀. Inú mi dùn sí èyí ju ohun gbogbo tí a ṣe lọ. Ẹ má bá berbere wọn, ìyẹn àdàlù ata àti èròjà tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, díje, ìyá kálukú ló ń po tirẹ̀ nílé.

Ọjọ́ tí ọjà kò ní ṣeé lò mọ́, tí a ń kọ sára rẹ̀, náà ń fẹ́ àkíyèsí. Oṣù mẹ́tàlá ni kàlẹ́ńdà wọn ní, ọdún wọn sì fi méje tàbí mẹ́jọ wà lẹ́yìn tiwa. A máa ń fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù, a sì ń kọ ọdún ní kíkún.

Ní ti owó, L/C (letter of credit) ni mo ń gbà, ìyẹn ìwé tí báńkì oníbàárà fi ṣèlérí pé òun yóò san owó tí ìwé ẹrù bá ti pé. Dọ́là ti ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn gan-an rí. Ní July 2024 ni báńkì àpapọ̀ wọn jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye birr, owó wọn, àmọ́ mi ò tíì fi ẹrù ránṣẹ́ láìsí L/C.

Berbera, èbúté tó wà ní Somaliland, ni mo ń wò báyìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà kejì. Ẹni tó bá ti kó ìgò gba ibẹ̀ wọ Etiópíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí fún ẹrù ẹlẹgẹ́.