Kọ́pì Rolex méjì, owó wọn ò dọ́gba: kí ni mo máa wò?

Ọmọ Pàkátà:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra aago ọwọ́ fún bàbá mi kí Iléyá tó dé. Kọ́pì Rolex méjì ni wọ́n gbé jáde fún mi ní Ọjà Ọba, ọ̀kan 15,000 náírà, èkejì 40,000. Mi ò rí ìyàtọ̀ lójú wọn. Kí ni mo lè yẹ̀ wò lójú ẹni tó ń tà á? Bàbá kì í bọ́ aago ṣe àlùwàlá o.

Aláago Táíwò:
Àbúrò, fi ojú aago sílẹ̀ ná. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì ló ń ṣiṣẹ́. Wo ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń lò; kí wọ́n má pè é ní ọtomátíìkì (èyí tí mímì ọwọ́ ń wá sípíríìnì rẹ̀, tí kò lo bátìrì) fún ọ. Bó bá ń yọ́ lọ, fi fóònù ya fídíò slow motion, kó o ka ìfò rẹ̀. Mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ti ẹ́ńjìnnì tó ń fò ní ìgbà 21,600 ní wákàtí kan, mẹ́jọ ni ti 28,800. Ọ̀pọ̀ Rolex gidi òde òní, mẹ́jọ ni.

Fa orí tí wọ́n fi ń yí i jáde. Ní aago méjìlá, ọwọ́ gígùn àti kúkúrú gbọ́dọ̀ bo ara wọn mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Jẹ́ kí ọwọ́ kúkúrú yípo lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí déètì yí, nítòsí méjìlá náà ni. Bó bá jẹ́ aago mẹ́rin ló tó yí, ẹni tó tò ó kò fara balẹ̀.

Onírin Ọ̀fà:
Àwọn kan á ní kó o fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò, kó o lè mọ̀ bóyá irin rẹ̀ dára. Má ṣe é! Sípíríìnì tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, aago á wá máa sáré. Síǹkì kì í kúkú lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, òun sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ aago pọ́ọ́kú. Ní kí wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, kó o yọjú sínú ihò tí pín-ìn-nì ń wọ̀. Bí ibẹ̀ bá pupa bíi bàbà, wọ́n bò ó lásán ni, òógùn á ṣí i.

Kán omi ẹyọ kan sí gíláàsì. Bó bá ṣù róbótó tí kò tètè ṣàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sàfáyà, gíláàsì líle tí kì í tètè ha. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gíláàsì lásán, eruku ọyẹ́ lè ha á.

Aláago Táíwò:
Ti àlùwàlá yẹn ló le jù. "30M" (mítà ọgbọ̀n, ìwọ̀n bó ṣe lè dènà omi tó) tí wọ́n kọ sẹ́yìn kọ́pì, kò dájú pé ẹnikẹ́ni dán an wò. Ní kí wọ́n ṣí ìdí rẹ̀: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ yí i ká nínú kòtò rẹ̀, láìgbẹ, láìsán. Òmíràn ò ní in rárá. Tún fi aago sóòrùn títí ara rẹ̀ á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kán omi tútù sójú gíláàsì, dúró fún ìṣẹ́jú kan, nù ún. Bí kúrukúru bá ṣù nínú, omi ti wọlé.

Ọmọ Pàkátà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ti 15,000 ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí n gba ti 40,000?

Onírin Ọ̀fà:
Bí rọ́bà bá wà níbẹ̀, ná an wálẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń fi omi sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, Casio ọ̀rìjínà tó ní 50M lèmi á rà.