Ìmọ̀ràn: áàpù eré orí tábìlì, ṣé Android ni kí n kọ́kọ́ ṣe àbí iPhone?

DáìsìOgún:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Mo ń ṣe áàpù kan fún àwa tá a máa ń jókòó ta eré orí tábìlì: eré alátẹ, eré oníkáàdì, àti eré ìtàn tí ẹnì kan ń darí, tí àwọn tó kù ń ṣe ẹ̀dá inú rẹ̀. Áàpù náà á máa ju dáìsì, á máa ka máàkì, á máa sọ ẹni tó kàn, á sì máa tọ́jú ìwé ẹ̀dá kálukú (ẹ̀mí tó kù, ohun ìjà, owó inú eré). Èmi nìkan ni mò ń kọ ọ́, lálaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà Windows ni mo ní, Android ni fóònù mi, àmọ́ ìdajì àwọn tá a jọ ń ṣeré ló ń lo iPhone. Agbára mi ò ká méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn dárúkọ, ẹ sọ ìdí rẹ̀.

KíákíáNi:
Android. Windows lẹ ní, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

ÌyáKóòdù:
Kò tíì bùṣe o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ wà níbẹ̀. Xcode tí wọ́n fi ń ṣe áàpù iPhone, orí Mac, kọ̀ǹpútà Apple, nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Kódà bẹ́ ẹ bá fi Flutter tàbí Godot, irinṣẹ́ tó ń kọ áàpù fún oríṣi fóònù méjèèjì, kọ ọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dì í fún iPhone, iwájú Mac náà lẹ máa padà sí: ẹ rà á, ẹ yá a, tàbí kẹ́ ẹ háyà ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Android Studio tí wọ́n fi ń ṣe ti Android ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ńkọ́? Google ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún, ọdún tẹ́ ò bá sì san án, áàpù yín á kúrò lórí igbá. Wọ́n á gbà yín láyè láti fi áàpù sórí iPhone tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ fi dán an wò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 7 kò ní ṣí mọ́, àfi kẹ́ ẹ tún un fi síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ọ̀nà Google ṣí gbayawu. Àkáǹtì aládàáni tí wọ́n bá ṣí lẹ́yìn 13 November 2023 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí èèyàn 12, ó kéré tán, tó máa dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 láìjá, kí wọ́n tó jẹ́ kó bọ́ síta. Èèyàn 20 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù lápá ìparí 2024. Mélòó gan-an lẹ jọ ń ṣeré? Bí ìdajì wọn bá ń lo iPhone, níbo lẹ ti fẹ́ kó oní-Android 12 jọ?

DáìsìOgún:
Hà! Mi ò mọ ti èèyàn 12 yẹn rárá. Ẹ ṣé gan-an, mà.

OlùdaríEré:
Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín: bẹ́ ẹ bá jókòó ti tábìlì, fóònù mélòó ló gbọ́dọ̀ ní áàpù yìí kí eré tó lè lọ?

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé áàpù méjì lẹ kó sínú àpò kan. Èyí tó ń ju dáìsì, tó ń ka máàkì, tó ń sọ ẹni tó kàn, fóònù kan ṣoṣo láàárín tábìlì ti tó o. Ẹnì kan á mú un dání, gbogbo wa á máa wò ó. Fún èyí, èyíkéyìí tó bá wù yín lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, oní-iPhone kankan ò ní bínú torí kò nílò ohunkóhun lórí fóònù tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀dá yàtọ̀. Kálukú ló máa fẹ́ tiẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí èèyàn márùn-ún bá jókòó, tí méjì ò lè ṣí i, ìwé ni gbogbo wọn máa padà sí, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ máa fi ọ̀nà méjì ṣe nǹkan kan.

Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n ka ọ̀rọ̀ “Android ló pọ̀ jù láyé” sí nínú irú iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, nǹkan bí fóònù méje nínú mẹ́wàá kárí ayé ló ń lo Android. Kí nìyẹn kan tábìlì yín? Ìdajì-ìdajì lẹ sọ pé tiyín jẹ́. Fóònù tó wà lórí tábìlì ni kẹ́ ẹ kà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀nà àbùjá táwọn fóònù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Multipeer Connectivity ti Apple dùn-ún lò, àmọ́ ẹ̀rọ Apple sí ẹ̀rọ Apple nìkan ni. Bẹ́ ẹ bá kọ́lé sórí ẹ̀, ẹ ti ti àwọn yòókù síta.

TábìlìGbòòrò:
Ẹ̀gbọ́n OlùdaríEré, mo gbà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé iPad. Ojú fóònù kéré fún ohun tí èèyàn mẹ́fà fẹ́ jọ wò. Ẹ gbé iPad sáàárín tábìlì kẹ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí: máàkì gàdàgbà, gbogbo ojú ló ń rí i láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Kì í ṣe àsọdùn, Carcassonne ti dé orí iPhone ní 2010, Ticket to Ride sì dé orí iPad ní 2011. Àtìgbà yẹn ni àwọn tó fẹ́ràn eré alátẹ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Oní-iPhone tún máa ń náwó sórí áàpù ju oní-Android lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ta á, ibẹ̀ lowó wà.

ÌyáKóòdù:
Àbúrò, odindi eré ni méjèèjì tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, tí èèyàn lè máa dá ta lórí ibùsùn. Ti DáìsìOgún jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ eré tó ti wà lórí tábìlì tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ra ti tọ̀hún lè má ra èyí. Ó sì sọ pé lẹ́yìn iṣẹ́ lòun ń ṣe é, kò tíì dárúkọ títà.

Ní ti owó tí Apple àti Google ń yọ nínú owó tí áàpù bá pa, kò yẹ kó yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Apple ti ní ètò fáwọn oníṣòwò kéékèèké láti January 2021, Google tẹ̀ lé e ní July ọdún kan náà: 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni méjèèjì ń mú lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ ò tíì ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá pa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá sọ fún wa níbí ká wá bá yín yọ̀.

Ojúlé:
Gbogbo yín ń jà lórí ilẹ̀kùn méjì, ẹ̀kẹta sì ṣí sílẹ̀. Ẹ kọ ìwé ẹ̀dá yẹn gẹ́gẹ́ bí áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ṣí nínú Chrome àti Safari. Ẹni tó bá fẹ́ á fi sójú fóònù rẹ̀ bí áàpù gidi. Láti iOS 11.3, ní 2018, ni Safari ti ń gba service worker, ìyẹn ni pé ó lè ṣí láìsí dátà. Láti 16.4, ní March 2023, ó ti ń gba àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ojú fóònù kú láàárín eré. Kò sí dọ́là 99, kò sí dọ́là 25, kò sí èèyàn 12. Líǹkì kan péré, gbogbo tábìlì ti wọlé.

Ẹ̀gún tó wà níbẹ̀ rèé. Bí ẹnì kan bá ń lo Safari, tó lò ó fún ọjọ́ 7 láìfọwọ́ kan ojúlé yín, Safari lè pa ohun tí kóòdù yín tọ́jú síbẹ̀ rẹ́. Ẹ ro ẹgbẹ́ tó máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù: ẹ̀dá tí dírágónì ò rí pa, Safari á pa á. Ẹni tó bá fi sójú fóònù bọ́ nínú ìyẹn. Síbẹ̀, ẹ fún wọn ní bọ́tìnì tí wọ́n á fi gba fáìlì ẹ̀dá wọn sílẹ̀. Bákan náà, fóònù ò ní gbọ̀n lọ́wọ́ oní-iPhone nígbà tí dáìsì bá balẹ̀, Safari ò gba ìyẹn.

KíákíáNi:
Kó wá dì í sínú àpò kó fi ránṣẹ́ sí Apple lẹ́yìn náà nìyẹn.

Ojúlé:
Rárá o! Òfin 4.2 wọn wà níbẹ̀: áàpù tó jẹ́ pé ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n wé, wọ́n lè dá a padà.

DáìsìOgún:
Ẹ̀yin ará, ẹ ti là mí lójú. Ìbéèrè méjì ló kù. Ojú fóònù tó ń kú láàárín eré ló ń bí àwọn èèyàn mi nínú jù, ṣé ó le lórí Android? Èkejì, ọ̀rẹ́ mi kan ò gbà pé dáìsì inú fóònù ń ṣòótọ́. Ó ní wọ́n ń fi “kọ̀ǹpútà” rẹ́ òun jẹ.

ÌyáKóòdù:
Ti àkọ́kọ́ ò le. Lórí Android, FLAG_KEEP_SCREEN_ON, ìlà kóòdù kan ni. Lórí iPhone, isIdleTimerDisabled, òun náà ò ju ìlà kan lọ. Kìkì pé kẹ́ ẹ fún wọn ní ibi tí wọ́n á ti pa á, torí bátìrì. Ohun tó le lórí Android ni aago tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa lọ nígbà tí áàpù ò sí lójú mọ́: àwọn tó ń ṣe fóònù kan máa ń pa irú áàpù bẹ́ẹ̀ láìbèèrè. Ẹ tọ́jú àkókò tí aago bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣírò rẹ̀ nígbà tó bá padà dé. Kẹ́ ẹ sì máa fi fóònù olówó pọ́ọ́kú dán an wò, kì í ṣe tiyín nìkan.

OníṢirò:
Ọ̀rẹ́ yín lè jàre o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ gbọ́: báìtì kan, ìyẹn nọ́ńbà kékeré tí kọ̀ǹpútà ń mú, lè jẹ́ èyíkéyìí nínú iye 256, láti 0 dé 255. Ọ̀pọ̀ a pín in pẹ̀lú 20, wọ́n á mú èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n á fi 1 kún un, wọ́n á ní dáìsì alójú ogún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ogún lọ́nà 12 jẹ́ 240, ó ku 16. Ìyẹn ni pé 1 títí dé 16 ní ọ̀nà 13 kọ̀ọ̀kan láti jáde, 17 títí dé 20 sì ní 12 péré. Ogún gan-an tí gbogbo wa ń gbàdúrà fún lẹ rẹ́ jẹ! Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: iye tó bá jẹ́ 240 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tún un mú. Láti mú nọ́ńbà tí ẹnì kan ò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lo SecureRandom lórí Android, crypto.getRandomValues lórí ojúlé. Kẹ́ ẹ sì fi ìtàn gbogbo jíjù hàn lójú áàpù, kí ọ̀rẹ́ yín lè kà á fúnra rẹ̀.

OlùdaríEré:
Kí n tó gbàgbé: ẹ má da odindi ìwé òfin eré tó ní ẹni tó ni ín sínú áàpù. Bó bá jẹ́ Dungeons & Dragons, SRD 5.1, apá ìwé òfin rẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, wà lábẹ́ ìwé àṣẹ ìlò Creative Commons CC BY 4.0 láti January 2023. Ẹ lè lò ó, kódà fún títà, bẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ibi tẹ́ ẹ ti mú un. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí olùlò fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé.

DáìsìOgún:
Ó dáa. Èmi á ya méjèèjì sọ́tọ̀. Dáìsì, máàkì àti ẹni tó kàn á lọ sórí Android, APK, ìyẹn fáìlì áàpù Android, ni màá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sáwọn tá a jọ ń ṣeré nígbà tí mo ṣì ń wá èèyàn 12 náà. Ìwé ẹ̀dá á lọ sórí ojúlé, pẹ̀lú bọ́tìnì fáìlì yẹn láti ọjọ́ kìíní. Ti iPhone di ìgbà tí Mac bá yọjú. Ta ló máa bá mi dán ti ojúlé wò lórí iPad?

TábìlìGbòòrò:
Ẹ fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bí máàkì yẹn ò bá tóbi, màá pariwo.

KíákíáNi:
Mo ṣáà ti sọ Android láti ìbẹ̀rẹ̀.