Kí ni ó bá ìyá àgbà yín tí ó di oko mú lọ? Ẹ sọ ìrírí yín

Ọmọ Òròkí:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ìyá tí ó bí bàbá mi papò dà ní ìgbà òjò tí ó kọjá, ní abà wa ní apá ọ̀nà Iléṣà. Òṣogbo ni wọ́n bí wọn sí, ní agboolé àwọn aláró, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ bàbá wa àgbà ni wọ́n ti di ará oko, tí ó jẹ́ pé kòkó àti ẹyìn ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa. Nígbà tí bàbá lọ, àwọn ni ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ń wárí fún. Àwọn ni wọ́n ń sọ ẹni tí yóò ro ibí, ẹni tí yóò kọ ẹyìn tọ̀hún, àti iye àpò tí a óò tà kí àwọn ọmọ tó wọ ilé-ìwé. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kòkó lórí ẹní tí a sá a sí, tí wọ́n fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n sì gbé e sún mọ́ etí. Bí kò bá ti dún bí ohun tí ó gbẹ dénú, wọn kò ní jẹ́ kí a rọ ọ́ sí àpò, ì báà jẹ́ pé ẹni tí ń ra kòkó ti dúró pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni ó bá ìyá tiyín lọ tí ẹ kò rí padà?

Àbíkẹ́ Ìgbọ̀nà:
Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣé abà ni ẹ sin wọ́n sí ni, àbí Òṣogbo?

Ọmọ Ẹlẹ́pọ:
Ààlà ilẹ̀ ni ó bá tiwa lọ. Oko ìyá tí ó bí ìyá mi kò jìnnà sí ìgboro, láti oṣù Ògún ọdún 1991 tí wọ́n sì ti sọ Òṣogbo di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ilé ti ń sún mọ́ ebè iṣu wa. Ìyá mọ ibi tí ilẹ̀ wa pin sí. Láti ìdí pèrègún tí ó wà létí odò ni ẹ óò ti wo igi ìyeyè kan, láti ìdí ìyeyè ni ẹ óò ti wo òkìtì ọ̀gán, ohun tí ó bá kọjá ọ̀gán kì í ṣe tiwa. Wọn kò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọkọ́ kọjá pèrègún, wọn óò lọ bá a nílé ní alẹ́, wọn óò sì ka orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀ fún un, títí dé orí ẹni tí ó kọ́kọ́ tọrọ ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni náà yóò bẹ̀bẹ̀, yóò sì padà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kú, a kò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tí ẹnì kan fi hú pèrègún, tí ó fi kátakátà tẹ́ ọ̀gán pẹrẹsẹ, tí ó sì já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Gbogbo ọmọ ìyá dúró síbẹ̀, kò sí èyí tí ó lè tọ́ka sí ibi tí ìyeyè wà.

Ará Òkè-Báálẹ̀:
Kátakátà ni ó pa ààlà tiwa náà rẹ́.

Akọ̀wé Agbẹjọ́rò:
Ọmọ Ẹlẹ́pọ, ẹ má tíì gbà pé ilẹ̀ ti lọ. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní ọdún 1976, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn tí ìran kan ń sọ fún ìran kejì ni àkọ́kọ́ wọn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé irú ọ̀rọ̀ tí ìyá ń kà fún àwọn ènìyàn ní alẹ́ yẹn, ẹ̀rí ni. Ohun tí ẹ nílò ni ẹni tí yóò lè kà á lẹ́yìn wọn, àti àwọn tí ẹ jọ pààlà.

Ọmọ Ẹlẹ́pọ:
Ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè kà á ni bàbá Àgàtú tí ó ti ń bá ìyá ro oko láti ìgbà tí ìyá mi wà lọ́mọge. Wọ́n jọ gbin pèrègún yẹn ni.

Ará Òkè-Báálẹ̀:
Ẹ dákun, báwo ni alágbàṣe yóò ṣe wá máa sọ ààlà ilẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀? Mi ò lè fara mọ́ ọn.

Àbíkẹ́ Ìgbọ̀nà:
Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni kí ó sọ ọ́? Àwa ọmọ onílẹ̀ wà ní Èkó àti Ìbàdàn, ọdún Iléyá ni a fi ń mọ ọ̀nà oko. Ẹni tí ó ń fi àdá yẹ ààlà lọ́dọọdún ni ó mọ̀ ọ́n.

Alhaji Onígàrí:
Mo fẹ́ béèrè ohun kan kí á tó máa jà lórí ààlà. Ṣé ìyá ni ó ni ilẹ̀ wọ̀nyí gan-an, àbí ọkọ wọn? Nínú àṣà tiwa, ìyàwó kì í jogún ilẹ̀ ọkọ.

Ọmọ Òròkí:
Alhaji, òótọ́ ni, ọmọ wọn ni wọ́n tipasẹ̀ rẹ̀ di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í jogún yìí ni kò jẹ́ kí ogún tú. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyàwó kékeré fẹ́ kí a pín kòkó ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n pọ̀, ìyá ní kí wọ́n gba ibi tí ó súnmọ́ odò, tí kòkó rẹ̀ ń so jù, kí wọ́n sì jẹ́ kí pínpín ní ìdí-igi dúró bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ tiwọn ìbá gbà ni wọ́n fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ ìjà mọ́. Àbíkẹ́, ẹ forí jì mí, abà ni a sin wọ́n sí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ní kí a sin wọ́n sí.

Akọ̀wé Agbẹjọ́rò:
Ìyá mọ òfin láìlọ sí kóòtù. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí ìgbìmọ̀ Privy Council, tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti Nàìjíríà nígbà náà, dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, ìdí-igi ni wọ́n ní ó jẹ́ àṣà tí ó gbilẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí.

Alhaji Onígàrí:
Ẹ má gbàgbé pé mùsùlùmí pọ̀ nínú wa. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni Àlùkùránì fún opó tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀, bí wọ́n bá sì ju ẹyọ kan lọ, wọn óò jọ pín in ni. Ìyá tèmi gba tiwọn, wọ́n sì fi ṣe ẹbu tí wọ́n ti ń fún epo. Ohun tí ó dùn mí ni pé lẹ́yìn fìdáù wọn, àwọn kan nínú ẹbí ní kí á fi oko kòkó dógò kí á lè dá aṣọ ẹbí kí á sì pe olórin. Ìyá tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gba oko lọ́wọ́ gbèsè! Mo kọ̀ jálẹ̀, àwọn kan kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní.

Ará Òkè-Báálẹ̀:
Ẹ ṣe é gan-an, Alhaji. Tiwa wà lọ́wọ́ ẹni tí a fi dógò fún di báyìí, òun ni ó sì ń ká kòkó rẹ̀.

Àbíkẹ́ Ìgbọ̀nà:
Mi ò gbà pé ìnáwó burú. Òkú àgbà ni, ó yẹ kí á ṣe ẹ̀yẹ fún un. Ṣùgbọ́n kí á ná ohun tí a ní.

Ọmọ Ẹlẹ́pọ:
Mo ti bá bàbá Àgàtú sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní igbó ti bo kùkùté ìyeyè náà ni, àwọn mọ ibẹ̀. Mo fẹ́ lọ kí òjò tó dé, nítorí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

Akọ̀wé Agbẹjọ́rò:
Ẹ mú awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ dání, kí ẹ sì pe àwọn tí ẹ jọ pààlà kí wọ́n dúró níbẹ̀ nígbà tí bàbá bá ń tọ́ka. Kí gbogbo wọn buwọ́ lu ìwé lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì gba ohùn bàbá sílẹ̀ ní èdè yòówù tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.